ÌWÉ RẸ NI ẸLẸ́RÌÍ RẸ

Àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Imoru, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí ni bí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ológun, tàbí tí ó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, yóò ṣe máa tọ́jú àwọn ìwé rẹ̀ létòlétò. Ẹlòmíràn lè máa rò ó lọ́kàn pé: kí ni ó pa fáìlì àti mọ́ṣáláṣí pọ̀? Ohun mẹ́ta ni ó pa wọ́n pọ̀: ẹ̀rí, òdodo àti àmọ́nà. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni ẹlẹ́rìí tí ó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ wá kò bá sí nítòsí. Ẹni tí ó bá ti kúrò ní Imoru, tí ó dé Kàdúná, kò sí ẹni tí ó mọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí náà bá yadi, tàbí tí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ méjì, ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ̀SÌN TÍ Ó FẸ́ ÀKỌSÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé āyà tí ó gùn jù lọ nínú gbogbo Àlùkùráánì, èyíinì ni āyà 282 nínú Sūratul-Baqarah, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ gbèsè ni ó dá lé lórí. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú òdodo, kí a sì má ṣe jẹ́ kí ó sú wa, ìbáà jẹ́ ohun kékeré, ìbáà jẹ́ ohun ńlá. Ìdí rẹ̀ tí Ó sì fún wa ni pé èyí ni ó mú ẹ̀rí dúró ṣinṣin jù lọ, tí ó sì jìnnà sí iyèméjì. Bí Ọlọ́hun Ọba kò bá ka kíkọ gbèsè owó ọjà sí ohun tí ó kéré jù láti bá wa sọ, a jẹ́ pé ẹni tí ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé tí ó so mọ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ti ṣìnà.

Ní ti iṣẹ́ ológun gan-an, Umar ọmọ Khattab, Kálífà kejì, tí ó jọba láti ọdún 634 sí 644, ni ó dá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ-ogun sílẹ̀ nínú Islam, èyí tí wọ́n ń pè ní dīwān. Nígbà tí ilẹ̀ Islam gbòòrò, tí owó sì ń wọlé, kò ṣeé ṣe mọ́ kí wọ́n máa fi orí rántí ẹni tí ó jagun àti ohun tí ó tọ́ sí i. Umar yan àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n mọ ìran àwọn Lárúbáwá dáadáa, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní ìdílé-ìdílé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí ó sún mọ́ Ànábì jù lọ. Kò gbà kí wọ́n fi orúkọ òun ṣíwájú nítorí pé òun ni olórí. Ibi tí ìdílé rẹ̀ bọ́ sí ni ó ní kí wọ́n kọ òun sí. Ìwé yìí ni wọ́n fi ń san owó fún jagunjagun, fún opó àti fún ọmọ òrukàn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ dájú.

Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń pe Umar yìí ní Ìmórù. Bí a bá kọ orúkọ náà láìfi àmì ohùn sí i, kò yàtọ̀ lójú ìwé sí orúkọ ìlú yìí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé n ó tún padà wá sórí ọ̀rọ̀ orúkọ.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍ KÀDÚNÁ

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń sọ yìí ni Nigerian Defence Academy, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NDA. Ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kàdúná, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ológun mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ láti ọdún 1960. Ọ̀gá ológun ará Íńdíà kan, Bìrìgédíà Varma, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1969 ni David Ejoor di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí ibẹ̀. Láti ọdún 1985 ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ dìgírì níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọdún márùn-ún ni kádẹ́ẹ̀tì ń lò: mẹ́rin fún ẹ̀kọ́ ìwé, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ ológun gan-an. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá ológun bí ti àwọn ọkùnrin. Nítorí náà, kí ẹ̀yin ọmọbìnrin wa má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín.

Ẹ wo iye ìwé tí ọmọ kan yóò kó jọ kí ó tó wọlé. Yóò ní ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí. Yóò ní èsì ìdánwò WAEC tàbí NECO. Yóò ṣe ìdánwò JAMB, yóò sì ṣe ìdánwò tí NDA fúnra rẹ̀ ń ṣe. Yóò ní ìwé ọmọ-bíbí ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí ọmọ Imoru yóò lọ gbà ní Ìfọ́n. Àwọn òbí rẹ̀ yóò fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà kí ó lọ. Àwọn ènìyàn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé yóò jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Bí wọ́n bá wá pè é sí Kàdúná níwájú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àṣàyàn, ojúlówó ìwé ni wọn yóò ní kí ó kó wá, kì í ṣe ẹ̀dà nìkan.

Ọmọ lè sáré, kí ó borí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè ga tó mítà 1.68 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin. Ó lè mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé kan bá pe e ní Lateef, tí èkejì pe e ní Abdul-Lateef, tí ẹ̀kẹta sì sọ pé ọdún mìíràn ni wọ́n bí i, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè bá a ṣàlàyé.

ÌWÉ ỌDÚN 1961

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ti òṣèlú ni mo bá wá. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a mú. Muhammadu Buhari ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní Katsina ní ọdún 1961, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Kàdúná, kí NDA tó dé. Nígbà tí ó ń díje fún ipò Ààrẹ, ó búra ní ìparí ọdún 2014 pé ọ̀dọ̀ àwọn ológun ni àwọn ìwé-ẹ̀rí òun wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ológun jáde, ó ní àkọsílẹ̀ wà nínú fáìlì rẹ̀ pé ó yege nínú ìdánwò náà, ṣùgbọ́n pé ojúlówó ìwé-ẹ̀rí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀dà tí a fọwọ́ sí. Ariwo ta. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde ní Katsina ni ó lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́, tí ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí ó ti di Ààrẹ, WAEC gbé ìwé ìjẹ́rìí sí èsì náà fún un.

Ẹ kà á: láti 1961 sí 2014 jẹ́ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ọkùnrin yìí ti di ọ̀gágun, ó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan rí, síbẹ̀ wọ́n béèrè ìwé tí ó gbà nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni pé ìwé tí a fi sí ìkáwọ́ iléeṣẹ́, bí ó ti wù kí iléeṣẹ́ náà tóbi tó, kò tó; kí tìrẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ. Èkejì ni pé akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó fi sùúrù kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ọdún 1961 kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò máa wá ojú-ìwé náà. Ó kàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ ni.

ORÚKỌ KAN, ÀKỌSÍLẸ̀ KAN

Níbi orúkọ ni ọ̀rọ̀ ti ń há àwa Mùsùlùmí jù lọ. Orúkọ wa ti èdè Lárúbáwá wá, a sì ń kọ ọ́ bí etí wa ti gbọ́ ọ. Sulaiman di Sulaimon, ó di Sule. Rasheed di Rasidi. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ ọ̀kan, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ òmíràn. Ti orúkọ ìdílé tún ń bẹ: lónìí, orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́ mọ́ tirẹ̀, lọ́la, orúkọ bàbá-bàbá ni. Nínú ilé, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ìwé, ènìyàn mẹ́rin ni.

Nígbà àdéhùn Hudaibiyah, ní ọdún kẹfà lẹ́yìn Hijrah, nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé àlàáfíà láàrin Ànábì àti àwọn ará Mẹ́kà, àwọn ará Mẹ́kà kò fara mọ́ oyè Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ó dun àwọn sàábé, Ànábì sì tún tẹnu mọ́ ọn pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni òun. Síbẹ̀ ó gbà kí wọ́n kọ Muhammad ọmọ Abdullah, orúkọ tí ìhà méjèèjì mọ̀ ọ́n sí, kí àdéhùn náà lè dúró. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún un, kí ni ìdí tí àwa yóò fi máa ki oyè, ìnagijẹ àti àdàpè bọ inú ìwé tí ó yẹ kí ó dúró ṣinṣin?

Nítorí náà, yan bí a óò ṣe máa kọ orúkọ rẹ, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí o kọ ọ́ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì rẹ, kí o má sì yà kúrò níbẹ̀ láé. Láti ọdún 2021 ni JAMB ti sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀, èyí tí a ń pè ní NIN, di dandan. Orúkọ tí ó bá wà níbẹ̀ ni yóò bá ọ dé inú fọ́ọ̀mù. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, lọ tún un ṣe kí o tó ra fọ́ọ̀mù. Bí orúkọ inú ìwé méjì kò bá bára mu, lọ búra ní ilé-ẹjọ́, ṣe ìkéde nínú ìwé ìròyìn bí ó bá yẹ, kí o sì fi ẹ̀dà méjèèjì pamọ́. Ohun tí a tètè tún ṣe, àtúnṣe ni à ń pè é. Èyí tí a fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ifura ni ó ń mú wá.

Ọ̀RỌ̀ ỌJỌ́ ORÍ

Ẹ̀yin ará mi, ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí mi jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí ní abúlé tí a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ìyá á ní ọdún tí òjò wó ilé báyìí ni, bàbá á ní ọdún tí a ta kòkó dáadáa ni. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ rí i pé òun ti ju ọjọ́ orí tí NDA kéde lọ, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé kí ó lọ búra pé òun kò tíì tó bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ayé ni ó ń ṣe é.

Ẹ gbọ́ ìtàn Abdullah ọmọ Umar. Nígbà ogun Uhud, ó fi ara rẹ̀ hàn níwájú Ànábì láti bá wọn jagun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ànábì kò gbà á. Nígbà ogun Kòtò, ó tún fi ara hàn, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ànábì sì gbà á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Kálífà Umar ọmọ Abdul-Azeez gbọ́ ìtàn yìí, ó sì fi ṣe ààlà láàrin ọmọdé àti àgbà nínú ìwé owó àwọn ọmọ-ogun. Ẹ ò rí i pé ọmọdékùnrin yìí kò fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ fà sí ogun ẹ̀sìn! Ó padà sílé, ó dúró de ọdún tirẹ̀. Nítorí òdodo yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀ fi di òṣùwọ̀n fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tí ó fi irọ́ wọṣẹ́ yóò fi irọ́ gbé e títí tí yóò fi fẹ̀yìntì. Gbogbo fọ́ọ̀mù tí ó bá kọ, irọ́ náà ni yóò tún kọ. Ọjọ́ tí ìwé àtijọ́ kan bá ta kò ó, ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ lè wó. Bí kò bá sì sí ẹni tí ó tú u láṣìírí, àwọn mọ́láíkà tí ń kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ kò ní àṣìṣe nínú ìwé tiwọn. Bí ọjọ́ orí bá ti kọjá, ọ̀nà halal mìíràn wà: yunifásítì wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà, àwọn ológun náà sì máa ń gba àwọn tí ó ti jáde yunifásítì nípasẹ̀ ètò mìíràn. Arísìkí kò sí lọ́wọ́ ìwé èké.

BÍ A ṢE Ń TO FÁÌLÌ

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ sí iṣẹ́ gan-an. Ra fáìlì páálí líle kan àti àwọn àpò ọ̀rá tí a fi ń ki ìwé. Pín in sí ọ̀nà mẹ́fà.

Èkínní, ìdánimọ̀: ìwé ọjọ́-ìbí, NIN, ìwé ọmọ-bíbí ìlú, ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́, fọ́tò pélébé.

Èkejì, ẹ̀kọ́: ìwé-ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, WAEC tàbí NECO, èsì JAMB, ìwé ìwà láti ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà èsì ọdọọdún ní NDA.

Ẹ̀kẹta, ìlera: irú ẹ̀jẹ̀ rẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí o gbà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún ọ. Bí o bá fi ara pa lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kọ ọjọ́, ibi àti ìtọ́jú tí o gbà sílẹ̀. Orúnkún tí ó yẹ̀ ní ọdún kejì lè tún dìde ní ogún ọdún sí i, wọn yóò sì béèrè ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀kọ́ ológun: lẹ́tà ìpè, ìwé ìlànà àbáwọlé, ìwé-ẹ̀rí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún, owó àti ẹrù: rìsíìtì, ìwé báńkì, ìwé ohun èlò tí o fọwọ́ sí pé o gbà àti èyí tí o dá padà.

Ẹ̀kẹfà, lẹ́tà: èyí tí wọ́n kọ sí ọ àti ẹ̀dà èyí tí o kọ. Má ṣe fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ láìtọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Fi ojú-ìwé kan ṣíwájú gbogbo rẹ̀, kí o to orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, ọjọ́ tí o gbà á àti ibi tí o ti gbà á. Ní ìwé pélébé kan tí o ń kọ ìjáde sí: bí ojúlówó ìwé kan bá kúrò nínú fáìlì, kọ ọjọ́, ẹni tí ó gbà á àti ìgbà tí yóò padà. Ọ̀pọ̀ ìwé kò sọnù. Ọwọ́ tí a fi wọ́n sí ni a gbàgbé.

Má ṣe lu ihò sí ojúlówó ìwé, má ṣe ká a, má ṣe fi pín-ìn-nì gún un. Má sì ṣe sáré fi ọ̀rá gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pa, nítorí pé ohun tí a bá ti lẹ̀ pa bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tú mọ́. Ẹ̀yin ará Imoru mọ ikán, ẹ mọ òjò wa. Abẹ́ ibùsùn kọ́ ni ilé ìwé, òkè àjà kọ́. Fi í sínú àpótí irin tí ó ní ìdérí, kí àpótí náà sì wà lórí tábìlì.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ó wà ní ibi mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ ní Kàdúná, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá tàbí bàbá rẹ níbí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni àmọ́nà mìíràn. Ya àwòrán wọn sórí fóònù pẹ̀lú; ó dára, ṣùgbọ́n fóònù ń jábọ́ sómi, olè sì ń gbé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, WAEC kì í tẹ ìwé-ẹ̀rí mìíràn fún ẹni tí tirẹ̀ sọnù, ìwé ìjẹ́rìí sí èsì ni ó ń fún un. Bí ọ̀nà tuntun tilẹ̀ wà lóde òní, wàhálà àti ìnáwó ni. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ó gbẹ̀yìn nínú oṣù, fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo fáìlì rẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó JẸ́ TÌRẸ ÀTI OHUN TÍ Ó JẸ́ TI ÌJỌBA

Àmọ́nà ní ìhà kejì pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ìwé tí ó bá kọjá lọ́wọ́ kádẹ́ẹ̀tì ni ó jẹ́ tirẹ̀. Èsì rẹ, ìlera rẹ, rìsíìtì rẹ, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀, ètò ìṣọ́, ìwé àṣẹ ológun, orúkọ àwọn ọmọ-ogun, ti ìjọba ni. Láti ọdún 1962 ni òfin tí ó dáàbò bo àṣírí ìjọba ti wà ní Nàìjíríà. Má ṣe kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá sílé fi ṣe fáàrí, má ṣe ya á sórí fóònù. Ẹni tí ó pa tirẹ̀ mọ́, tí ó sì dá ti ẹlòmíràn padà, òun ni olóòótọ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé èyí yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀gá ológun. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìràwọ̀ sí èjìká rẹ, wọn yóò fi àwọn ọmọ-ogun sí abẹ́ rẹ. Ìsinmi wọn, àìsàn wọn, ìbọn tí wọ́n gbà, owó tí wọn kò tíì rí gbà, ọwọ́ rẹ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò wà. Ọ̀gá tí kò lè rí ìwé tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe rí ti ọmọ tálákà tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e?

ÌWÉ TÍ A KÌ Í FẸ́ SỌ

Ìwé kan kù tí àwa Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ. Hadiisi tí ó múlẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Abdullah ọmọ Umar kan náà kọ́ wa pé kò yẹ kí Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí sun oorun alẹ́ méjì láìjẹ́ pé àkọsílẹ̀ wàsíyà rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó jókòó sílé, mélòó mélòó ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ogun?

Nígbà tí ọ̀dọ́ bá wọṣẹ́, yóò kọ orúkọ ìbátan tí wọn yóò kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbéyàwó, ó bímọ, kò sì ní padà lọ tún un kọ. Ọjọ́ tí ikú dé, ìyàwó kò ní ìwé nikah tí yóò fi hàn, orúkọ rẹ̀ kò sí níbi kankan. Ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun ti pín fún opó àti ọmọ nínú Sūratun-Nisā' wá di ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́. Nítorí náà, ìwé nikah, ìwé ọjọ́-ìbí àwọn ọmọ, àkọsílẹ̀ gbèsè tí o jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ọ́, àti wàsíyà rẹ, kí gbogbo wọn wà nínú fáìlì náà. Bí ohunkóhun bá yí padà nínú ilé rẹ, yí i padà nínú ìwé ní oṣù yẹn gan-an.

IṢẸ́ ÒBÍ ÀTI IṢẸ́ ẸGBẸ́

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni fáìlì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Òfin 69 ti ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun di dandan láàrin ọgọ́ta ọjọ́, lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ọjọ́ kẹjọ tí a bá kó àwọn aláfàá jọ, tí a pa ẹran àkíkà, kí ìforúkọsílẹ̀ tẹ̀lé e. Owó ẹran tí ẹ rí ná fi hàn pé ẹ lè rí owó ọkọ̀ dé ọ́fíìsì wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo dá àbá mẹ́ta. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan tí akọ̀wé yóò máa kọ ìsọmọlórúkọ, nikah àti ikú sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọwọ́ ẹlẹ́rìí méjì. Kí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ya ọjọ́ Sátidé kan sọ́tọ̀ lọ́dún, kí àwọn tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá àwọn ọmọ girama yẹ ìwé wọn wò, kí wọ́n tètè rí èyí tí kò bára mu. Kí a sì máa ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ láti san owó ìwé ìbúra àti ẹ̀dà, nítorí pé owó kékeré yìí ni ó ń dí ẹlòmíràn lọ́nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó fi ìwé iṣẹ́ kálukú lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbà á ní ọwọ́ ọ̀tún yóò fi ayọ̀ pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá ka ìwé òun. Kí àwọn ìwé tí a ń tò nílé ayé jẹ́ èyí tí a lè ṣí níwájú ẹnikẹ́ni láìṣẹ́jú. Ẹ lọ sílé lónìí, ẹ kó gbogbo ìwé yín jáde sórí ẹní, kí ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ orí tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa àti ìwé wa máa bára mu. Kí Ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ààbò ilẹ̀ yìí. Kí Ó sì jẹ́ kí a wà nínú àwọn tí yóò gba ìwé wọn ní ọwọ́ ọ̀tún. Āmīn.